Bí a ṣe ń fi ósóònù fọ omi aró kí a tó dà á nù

Omi tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí a bá rẹ aṣọ láró tán kì í ṣe ohun tí à ń yí dà sí gọ́tà. Ní Ìbàdàn wa níbí, Ògùnpa ni ọ̀pọ̀ gọ́tà ń gbé e lọ, àwọn tó ń dáko ẹ̀fọ́ létí odò sì ń bu omi ibẹ̀ wọ́n ẹ̀fọ́. Ósóònù, gáàsì tí ẹ̀rọ ń fi iná mànàmáná ṣe láti inú afẹ́fẹ́, máa ń já èròjà aró sí wẹ́wẹ́ títí àwọ̀ yóò fi pòórá.

Bí ẹ bá fi ìda ya bátíìkì, ẹ jẹ́ kí omi tutù, kí ẹ fi asẹ́ ògì kó ìda tó léfòó.

Ibi tí wọ́n ti ń bà á jẹ́ nìyí: wọn a ti ọ̀pá ósóònù bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú ìkòkò. Háídírọ́ọ̀sì, ìyẹ̀fun tí a fi ń mú kí aró yòrò, ṣì wà níbẹ̀, òun ni ósóònù yóò sì kọ́kọ́ dojú kọ. Iná mànàmáná á lọ lásán, àwọ̀ ò ní yí, wọn a ní ẹ̀rọ ò dáa. Ẹ da omi sínú agbada tó fẹjú, kí ẹ máa rò ó lóòrèkóòrè di ọjọ́ kejì. Afẹ́fẹ́ lásán yóò pa háídírọ́ọ̀sì náà. Omi ewé-ewé yóò padà di aró dúdú, aró yóò sì rì sísàlẹ̀.

Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó fi álọ́ọ̀mù sí i díẹ̀díẹ̀, títí pépà pH, èyí tí a fi ń mọ bí omi ṣe kan sí, yóò fi wà láàárín 6 sí 7. Bí háídírọ́ọ̀sì bá ṣì wà, nǹkan kíkan yóò mú kí ó tú gáàsì tó ń ta imú. Ẹ má fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ dípò álọ́ọ̀mù: ẹrù tuntun lẹ ń dì lé ósóònù lórí. Ẹ da omi tó tòrò sọ́tọ̀, kí ẹ sá gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ gbẹ.

Láti fi ósóònù fọ omi tó tòrò náà, páìpù ṣaláńgá tó ga ni mo fẹ́ràn láti da omi sí ju dúrọ́ọ̀mù lọ, pẹ̀lú òkúta tó ń mú kí afẹ́fẹ́ hó nínú omi àpótí ẹja nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pá sílíkóònù ni kí ẹ fi gbé ósóònù láti ẹ̀rọ dé ìdí òkúta náà. Ósóònù máa ń mú kí rọ́bà sán. Afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ gba inú sílíkà jẹ́ẹ̀lì, hóró tó ń fa ọ̀rinrin, kọjá, pàápàá nígbà òjò, torí afẹ́fẹ́ tó ní ọ̀rinrin ń dín ósóònù kù, ó sì ń bí ásíìdì tó ń jẹ ẹ̀rọ.

Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é. Bí imú yín bá gbọ́ òórùn ósóònù, ẹ pa iná, ẹ sún sẹ́yìn; ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Ẹ máa bu omi sí ife, kí ẹ gbé e síwájú bébà funfun. Bí ó bá ti mọ́, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ fi ṣan aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láró. Kì í ṣe omi mímu.