Mo Tẹ̀lé Aṣọ Kan Kí N Tó Ya Àwòrán Ilé: Ìrírí Mi Láàrin Àwọn Aláró Abẹ́òkúta

Ní ọdún kẹrin tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìyàwòrán ilé, iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún wa ní sáà kejì ni pé kí olúkúlùkù wa wá àwùjọ kan tí ó ń ṣiṣẹ́ pọ̀, kí ó sì ya àwòrán ilé tí wọn yóò jọ máa lò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá ni wọ́n fún wa. Mo yan àwọn ìyá tí ń ṣe àdìrẹ ní Abẹ́òkúta, nítorí pé ọjà Ìtòkú ni ìyá ìyá mi ti máa ń ra aṣọ tí ó fi ń pọ̀n wá, àti nítorí pé láti kékeré ni mo ti ń rí i tí omi aró ń ṣàn nínú gọ́tà ẹ̀bá ọ̀nà, tí aṣọ tútù sì ń gbẹ lórí odi, lórí koríko, àti lórí okùn tí wọ́n ta láti ara igi kan sí ara òmíràn. Ilẹ̀ tí mo fi ṣe iṣẹ́ náà kò jìnnà sí ọjà. Ó fẹ̀ ní mítà 24, ó gùn ní mítà 36, ó sì da gẹ̀rẹ́ sí ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn, ohun tí mo kọ́kọ́ kà sí ìyọnu tí ó padà di ire fún mi.

Gbọ̀ngàn ńlá ni mo kọ́kọ́ yà. Ó gba igba ènìyàn, mo sì fún un ní òrùlé tí ó rí roboto bí ẹnu ìkòkò aró, nítorí pé mo rò pé bí ilé bá ti jọ ohun tí àwùjọ kan ń lò, ilé náà ti di tiwọn. Olùkọ́ mi wò ó pẹ́, ó wá bi mí pé, nígbà tí ìpàdé bá parí, kí ni wọn yóò máa ṣe nínú rẹ̀ títí di ìpàdé mìíràn? N kò rí èsì fọ̀.

Mo padà sí Abẹ́òkúta, mo sì ń bi àwọn ìyá náà lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí ni wọ́n ń fẹ́. Wọ́n dárúkọ gbọ̀ngàn, wọ́n dárúkọ ẹ̀rọ omi, ilé ìwòsàn àti ilé ìwé. Ó pẹ́ kí ó tó yé mi pé ẹni tí a bá bi léèrè ohun tí ó ń fẹ́ lọ́wọ́ àlejò, ohun tí ó rò pé àlejò náà ní láti fún òun ni yóò dárúkọ. Ìyá tí ó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ wọn ni ó gbà mí. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n ní, “Ọmọ mi, gbé àpótí yẹn, kí o jókòó tì wá ná. Ìwọ sáà máa wò.” Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó tì wọ́n, ọjọ́ mẹ́ta náà sì ni ó bí ilé tí mo yà.

Aṣọ funfun ọ̀pá márùn-ún kan ni mo tẹ̀lé láti orí tábìlì tí wọ́n ti ń fi fóòmù tẹ àbẹ́là yíyọ́ sí i lára kí aró má bàa mú níbẹ̀, títí dé ibi tí wọ́n ti lọ̀ ọ́, tí wọ́n ká a. Mo mú téèpù àti ìwé dání. Ní ìdúró kọ̀ọ̀kan, mo kọ iye ẹsẹ̀ tí wọ́n gbé, bí ẹni tí ń ṣiṣẹ́ náà ṣe dúró tàbí bẹ̀rẹ̀, iye omi tí ó lò, àti ẹni tí ó bá a mú ọmọ rẹ̀ dání. Láti ìdí tábìlì àbẹ́là dé orí okùn, aṣọ náà rìn ní igba ẹsẹ̀ ó lé méjìlá, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì gbé e sọdá títì nígbà tí ó ṣì ń ro omi kọ́sítíìkì sílẹ̀, ìyẹn kẹ́míkà líle tí wọ́n ń pò mọ́ aró. Gbogbo ìrìn yìí ni mo yà sórí ìwé kan ṣoṣo bí ìlà pupa tí ń wé mọ́ ara rẹ̀. Nígbà tí mo gbé ìwé náà síwájú olùkọ́ mi, kò sọ̀rọ̀ nípa òrùlé mọ́.

Ìlà pupa yẹn ni mo wá nà kí ó lè tọ́, òun ni ó sì di ilé. Tábìlì àbẹ́là, ìdí aró, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ sí aṣọ kí àwọ̀ rẹ̀ lè jáde, ìdí iná tí wọ́n ti ń fi omi gbígbóná bọ́ àbẹ́là kúrò, ibi ìṣanṣọ, ibi ìsá, tábìlì ìlọṣọ, lẹ́yìn náà ìsọ̀: gbogbo wọn tò yí àgbàlá kan po gẹ́gẹ́ bí yàrá ti ń yí àgbàlá agbo ilé po, tí ó fi jẹ́ pé aṣọ yóò wọlé láti ẹ̀gbẹ́ kan ẹnu ọ̀nà, yóò yí àgbàlá ká, yóò sì jáde sí ìsọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì láìsọdá títì rárá.

Ìdí aró ni ó gba àkókò mi jù lọ. Ìkòkò àti dúrọ́ọ̀mù ni wọ́n ń lò, orí ilẹ̀ ni wọ́n sì ń gbé wọn lé, nítorí náà ẹ̀yìn ni ó ń dùn wọ́n. Mo wọn gíga ìgúnpá ìyá mẹ́sàn-án láti ilẹ̀, ó wà láàrin sẹ̀ǹtímítà 92 sí 104. Mo wá ya pèpéle kọnkéré tí a ó ri ìkòkò bọ inú rẹ̀, tí ẹnu ìkòkò yóò wà ní sẹ̀ǹtímítà 75 fún ẹni tí ń dúró ṣiṣẹ́, àti òmíràn tí ó jẹ́ 45 fún àwọn àgbà tí ń fẹ́ jókòó sórí àpótí. Ìyá àgbà kan ṣì wà níbẹ̀ tí ó ń fi èlú pọn aró gẹ́gẹ́ bí ti àtijọ́, tí ó ń gbé ajere lé orí ìkòkò kí omi eérú lè máa ro sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí ó sì ń dúró de aró rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ó tó rọ aṣọ bọ̀ ọ́. Ibi tí ẹsẹ̀ èrò kò ti ní pọ̀, tí òjìji wà, ni mo yà fún un. Inú mi dùn sí igun kékeré yẹn ju gbogbo ohun tí mo yà lọ.

Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn nígbà òjò, láti àríwá ìlà-oòrùn ni ọyẹ́ sì ti ń wá. Òórùn aró tí a fi kọ́sítíìkì àti háídíróòsì, kẹ́míkà mìíràn tí wọ́n ń lò, pò kò dára fún àyà ẹnikẹ́ni, pàápàá jù lọ ọmọdé. Bí mo bá fi ìdí aró sí ọ̀kan nínú igun méjèèjì wọ̀nyí, tí mo sì fi yàrá ọmọdé sí èkejì, afẹ́fẹ́ yóò gbé òórùn náà lọ bá wọn ní apá kan ọdún. Nítorí náà, ìdí aró lọ sí igun àríwá ìwọ̀-oòrùn, yàrá àwọn ọmọ sì lọ sí gúúsù ìlà-oòrùn, kí afẹ́fẹ́ méjèèjì lè gba àárín wọn kọjá. Igun àríwá ìwọ̀-oòrùn yìí náà ni ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ jù, tí omi ìdọ̀tí yóò fi ara rẹ̀ ṣàn síbẹ̀, tí kànga yóò sì wà lókè ní òdìkejì.

Ọ̀rọ̀ omi fẹ́rẹ̀ẹ́ tàn mí. Lítà 80 ni mo kà pé wọ́n lò láti fi ṣan aṣọ kan, tí a bá sì ṣe ọgbọ̀n aṣọ lójúmọ́, lítà 2,400 nìyẹn. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé mi pé omi òjò láti orí òrùlé yóò tó wọn lò. Nígbà tí mo ṣe ìṣirò rẹ̀ dáadáa, pẹ̀lú òjò tí ó ń rọ̀ ní Abẹ́òkúta tó nǹkan bí mílímítà 1,200 lọ́dún, òrùlé tí ó fẹ̀ ní mítà 150 níbùú lóròó, àti ìdá kan nínú márùn-ún tí yóò ṣòfò, ohun tí a ó rí gbà ní odidi ọdún kò ju lítà 144,000 lọ. Iṣẹ́ ọgọ́ta ọjọ́ péré ni. Mo pa gbólóhùn yẹn rẹ́. Mo ya agbada ìṣanṣọ mẹ́ta tí wọ́n ga ju ara wọn lọ, kí omi tí a fi ṣan aṣọ kẹ́yìn lè ṣàn wá sísàlẹ̀, kí a sì fi ṣan aṣọ tuntun lẹ́ẹ̀kíní, mo sì fi kànga sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orísun gan-an. Fún omi ìdọ̀tí, mo ya kòtò mẹ́ta tí ó ní òkúta wẹ́wẹ́, iyanrìn àti èédú. Olùyẹ̀wò kan sọ fún mi pé èédú kò lè pa agbára kọ́sítíìkì, àfi kí a kọ́kọ́ fi nǹkan kíkan pa á nínú kòtò àkọ́kọ́. Òótọ́ ni ó sọ, mo sì tún un yà.

Okùn ìsáṣọ nìkan ni mo rò pé ó rọrùn. Aṣọ ọ̀pá márùn-ún gùn ju mítà mẹ́rin àtààbọ̀ lọ. Bí a bá fi ṣe ìṣẹ́po méjì lórí okùn, yóò fi mítà méjì àti sẹ̀ǹtímítà 28 sọ̀ kalẹ̀, nítorí náà okùn gbọ́dọ̀ wà ní mítà méjì àtààbọ̀ ó kéré tán, kò sì sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tó ibẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tútù. Mo fi kẹ̀kẹ́ kékeré sí orí òpó, kí okùn lè sọ̀ kalẹ̀ dé àyà, kí wọ́n sá aṣọ, kí wọ́n sì fà á sókè bí ìgbà tí a ń ta àsíá.

Nípa ògiri àti òrùlé, mo lọ wo ilé ìsìn tí Demas Nwoko, ayàwòrán ilé ọmọ Nàìjíríà, kọ́ fún àwọn Dominican, ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn Kátólíìkì kan, ní Ìbàdàn. Ọkùnrin yìí máa ń po ilẹ̀ pupa mọ́ sìmẹ́ńtì láti fi mọ búlọ́ọ̀kù, ó sì gba ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà níbi àfihàn iṣẹ́ ìyàwòrán ilé ní Venice, ní Ítálì, ní 2023. Bẹ́ẹ̀ ni mo sì wo ilé ìwé tí Francis Kéré, ayàwòrán ilé mìíràn, kọ́ sí abúlé rẹ̀, Gando, ní Burkina Faso ní 2001, níbi tí páànù ti dá dúró lókè àjà bíríkì, tí ooru sì ń gba àárín wọn jáde. Mo mú ẹ̀kọ́ méjèèjì lò, mo sì kọ ojú ògiri gígùn sí àríwá àti gúúsù kí oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ má bàa wọlé. N kò lo páànù álúmíníọ́mù nítòsí ìdí aró, nítorí pé kọ́sítíìkì máa ń jẹ ẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kọkànlá, mo fi páálí ṣe àwòkọ́ ilé náà, mo gbé e lọ bá wọn. N kò lẹ̀ ẹ́ pọ̀, kí wọ́n lè máa gbé e kiri. Ìyá olórí ẹgbẹ́ gbé yàrá ọmọdé lọ́wọ́, wọ́n ní, “Ta ni yóò máa wo àwọn ọmọ yìí? Ọmọ tí ojú wa kò bá tó, ọkàn wa kò ní balẹ̀ nídìí iṣẹ́.” Mo yọ ògiri rẹ̀ kan kúrò, mo fi búlọ́ọ̀kù oníhò tí kò ju ìbàdí lọ rọ́pò rẹ̀, kí wọ́n lè máa rí wọn láti ìdí aró. Wọ́n ní kí ìsọ̀ súnmọ́ títì sí i. Àwọn mìíràn béèrè ibi tí wọn yóò ti máa ṣe àlùwàlá, tí wọn yóò sì kírun ní ọ̀sán, ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò dárúkọ nígbà tí mo ń béèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́. Kò gbà ju mítà mẹ́ta sí mẹ́rin lọ, mo sì fi í sí ẹ̀gbẹ́ kànga.

Àwọn olùyẹ̀wò gba iṣẹ́ náà, àmọ́ wọ́n ní ojú ilé kò wuni tó láti ìta, n kò sì bá wọn jiyàn. Orí ìwé ni ilé náà ṣì wà, nítorí pé owó kò tíì sí. Nígbà tí mo padà lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ìyá náà lẹ́yìn oṣù méjì, mo bá òpó igi méjì níwájú ilé olórí ẹgbẹ́ wọn, tí wọ́n fi kẹ̀kẹ́ kànga àtijọ́ kan sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Aṣọ mẹ́fà wà lókè lórí okùn, ọmọdébìnrin kan sì ń fa èkeje sókè.