Ẹ Yé Da Owó Nù Sórí Ìtàn Ìdílé Írẹ́lándì: Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Bí Mi Nínú

Iṣẹ́ mi ni kí n máa tọpa ìran àwọn tí baba ńlá wọn wọkọ̀ ojú omi kúrò ní Írẹ́lándì lọ sí Amẹ́ríkà tàbí Ìlú Ọba. Àwọn ọmọ wa kan tí ìyá wọn jẹ́ ọmọ Írẹ́lándì wà lára àwọn oníbàárà mi. Ìgbà tí owó bá tán lọ́wọ́ wọn ni wọ́n sábà máa ń rántí mi, nítorí náà bí ohùn mi bá le, ẹ fara dà á.

1. Ẹ má ra ohun tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Ìwé ìkànìyàn 1901 àti 1911 wà lórí ìkànnì National Archives ti Írẹ́lándì, wọn ò gba kọ́bọ̀. Ìwé ìbí, ìgbéyàwó àti ikú láti 1864 wà ní irishgenealogy.ie. Ìwé ìrìbọmi Ìjọ Àgùdà, títí dé nǹkan bí 1880, National Library ti gbé e síta láti 2015. Síbẹ̀, oníbàárà kan gbé fáìlì ràgàjì wá bá mi, gbogbo ìwé inú rẹ̀ ló sanwó fún lọ́kọ̀ọ̀kan, púpọ̀ nínú wọn ni ò sì kan ẹbí rẹ̀ rárá. Ó ní òun rò pé èyí téèyàn bá sanwó fún ló máa ń jóòótọ́. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ.

2. Ẹ yé wá ìkànìyàn 1841 àti 1851 kiri. Iná tó jó Four Courts, ọgbà ilé ẹjọ́ tí wọ́n kó ìwé ìjọba pa mọ́ sí ní Dublin, lọ́dún 1922 ló run wọ́n, àjókù díẹ̀ ló kù. Ti 1861 àti 1871, ìjọba fúnra rẹ̀ ló pa á run. Ti 1881 àti 1891, wọ́n lọ̀ ọ́ láti fi ṣe bébà mìíràn nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ẹ lọ wo Griffith's Valuation ti 1847 sí 1864, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi díye lé ilé àti ilẹ̀ fún owó orí, kẹ́ ẹ sì rántí pé ẹni tí ilé tàbí ilẹ̀ wà lórúkọ rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, kò sí ìyàwó, kò sí ọmọ.

3. Kò sẹ́ni tó yí orúkọ baba ńlá yín padà ní Ellis Island, ibùdó tí àwọn aṣíkiri ń gbà wọ Amẹ́ríkà ní New York. Ìwé orúkọ èrò tí iléeṣẹ́ ọkọ̀ ti kọ sílẹ̀ ni àwọn akọ̀wé ibẹ̀ ń tẹ̀ lé.

4. Ẹ má fò sọdá òkun kẹ́ ẹ tó tú ilé. Townland, ìyẹn ìpín ilẹ̀ tó kéré jù lọ ní Írẹ́lándì, lé ní ọ̀kẹ́ mẹ́ta, “County Cork” kì í sì í ṣe àdírẹ́sì. Ibi tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí ni kẹ́ ẹ ti wá orúkọ abúlé: òkúta ibojì, ìwé ṣọ́ọ̀ṣì, ìwé Emigrant Savings Bank ní New York, tó máa ń bi oníbàárà níbi tó ti wá láyé ìgbà náà, tàbí ìwé ìròyìn The Pilot ti Boston, níbi tí wọ́n ti fi ìkéde wá ẹbí tó sọnù láti 1831 títí di 1921. Ìwé tí wọ́n fi di ọmọ Amẹ́ríkà ṣáájú 1906, “Ireland” lásán ló sábà máa ń wà níbẹ̀.

Ó wá ku èyí tí ìyàwó mi fi máa ń rọra gbé àwo rẹ̀ kúrò nídìí tábìlì bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀: orúkọ kan náà. Ẹ rí Michael Murphy kan, ẹ ti gbá a mú, ẹ ti sọ ọ́ di baba ńlá. Ta ló ní tiyín ni? Wọ́n ní àṣà pé àkọ́bí ọkùnrin máa ń jẹ́ orúkọ baba bàbá rẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e a jẹ́ ti baba ìyá. Ó jọ Babátúndé tiwa, àmọ́ orúkọ bàbá àgbà gan-an ni wọ́n fi ń sọ ọmọ. Bí ọmọkùnrin mẹ́rin tí bàbá wọn ń jẹ́ Michael bá bí ọkùnrin, Michael mẹ́rin dé nìyẹn, abúlé kan náà, bóyá láàárín ọdún mélòó kan síra. Orúkọ ìdílé ìyá àti orúkọ àwọn tó dúró fún ọmọ níbi ìrìbọmi lẹ máa fi yà wọ́n.

Annie Moore ńkọ́? Òun ló kọ́kọ́ gba Ellis Island wọlé, ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1892, òun àti àbúrò rẹ̀ méjì láti Cork. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ń sọ pé ó lọ sí Texas, pé ọkọ̀ tó ń rìn lójú irin ìgboro ló pa á níbẹ̀. Lọ́dún 2006, Megan Smolenyak, tóun náà ń tọpa ìran, fi hàn pé ìpínlẹ̀ Illinois ni wọ́n ti bí obìnrin Texas yẹn, kì í ṣe aṣíkiri rárá. New York ni Annie gidi gbé, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1924. Gbogbo ayé ń sunkún òkú olókùú! Ẹ̀yin náà wá lọ da igi ìdílé tẹ́nì kan gbé síta kọ, ẹlòmíì dà á kọ lára yín, ẹ̀yin méjèèjì sì ń sọ pé ẹ̀rí ti di mẹ́ta.

Àmì ìdílé tí wọ́n ń tà nínú férémù: ènìyàn kan ni wọ́n ń fún nírú àmì bẹ́ẹ̀, kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń jẹ́ Kelly.

Reilly, Riley, O'Reilly: orúkọ ìdílé kan náà tí wọ́n kọ lóríṣiríṣi ni, ẹ wá gbogbo rẹ̀. Delia lè jẹ́ Bridget.

Ti ọjọ́ orí náà tún wà. Ẹ rí obìnrin tó jẹ́ ẹni ọdún 57 ní 1901, ó ti di 71 ní 1911, ẹ bá pín in sí obìnrin méjì, ẹ tún lọ ra ìwé ikú ẹnì kejì tí kò sí láyé rí. Òfin tó ń fún ẹni àádọ́rin ọdún lówó oṣù jáde ní 1908, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í san án ní 1909, púpọ̀ nínú àwọn àgbà yìí ò sì ní ìwé ọjọ́ ìbí, ìdí nìyẹn táwọn kan fi fi ọdún kún ọjọ́ orí wọn.