Bí a ṣe ń gbé ọkàn kúrò lórí ìdíje ìlúwẹ̀ẹ́ tí kò dáa

Kì í ṣe orí pèpéle tí a ti ń bẹ́ sómi la ti ń wá ìpọkànpọ̀. Inú ìdánrawò la ti ń kọ́ ọ. Máa ka iye ìgbà tí apá rẹ ń fa omi láti ògiri dé ògiri títí yóò fi mọ́ ọ lára. Ní ìdíje Òlíńpíìkì ní Beijing lọ́dún 2008, omi kún inú awò ojú Michael Phelps, olùlúwẹ̀ẹ́ ará Amẹ́ríkà, nínú ìdíje mítà 200 ti butterfly (ìlúwẹ̀ẹ́ tí a ti ń ju apá méjèèjì síwájú pọ̀), kò sì ríran. Kíkà yìí ló fi mọ ibi tí ògiri wà. Ó gba wúrà, àkókò rẹ̀ sì ni ó yá jù lọ ní gbogbo ayé títí di ìgbà náà. Lálẹ́, di ojú, fi ọkàn lúwẹ̀ẹ́ ìdíje náà dópin, kí o sì jẹ́ kí nǹkan kan yíwọ́ nínú rẹ̀. Èyí kò le.

Ìgbà tí ọwọ́ bá kan ògiri tí aago sì gbé àkókò burúkú jáde, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olùlúwẹ̀ẹ́ ti ń bà á jẹ́. Wọ́n á ju fìlà mọ́lẹ̀, wọ́n á lọ jókòó sí kọ̀rọ̀, wọ́n á gbé fóònù, wọ́n á máa fi àkókò wọn wé ti ẹlòmíràn. Kí wọ́n tó pe ìdíje kejì, ẹsẹ̀ ti le, inú ti bàjẹ́ tán. Má jókòó o! Padà sínú omi, kí o rọra lúwẹ̀ẹ́ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Bí kò bá sí adágún ìlúwẹ̀ẹ́ mìíràn, máa rìn kí o máa ju apá, ọ̀fẹ́ ni. Títí èémí yóò fi balẹ̀, má gba àlàyé lẹ́nu ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ òbí rẹ. Kóòṣì tó mọṣẹ́ yóò dúró dè ọ́.

Lẹ́yìn náà ni ìwé. Pẹ́ńsùlù ni kí o lò, torí bírò kì í fi bẹ́ẹ̀ kọ dáadáa lórí ìwé tí omi ti kàn. Kọ àkókò mítà 50 kọ̀ọ̀kan, ohun kan tó dáa, àti àṣìṣe kan ṣoṣo. Mo ti rí àwọn tó kọ èébú ara wọn kún ojú ìwé. “Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe” kì í ṣe àṣìṣe. “Mo gbórí sókè kí n tó kan ògiri” ni àṣìṣe. Ní London 2012, ìṣẹ́jú àáyá 0.05 ni Chad le Clos ará South Africa fi na Phelps nínú butterfly mítà 200 kan náà, níbi kíkan ògiri. Ní Rio 2016, Phelps gba wúrà náà padà, ìṣẹ́jú àáyá 0.04 ló fi na Masato Sakai ará Japan.

Pa ìwé dé, má tún ṣí i títí gbogbo ìdíje ọjọ́ náà yóò fi parí. Nínú ìdánrawò tó tẹ̀ lé e, àṣìṣe yẹn ni kí o kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lé lórí, nígbà tí ara ṣì fúyẹ́.