Ẹ Má Ta Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Tán Kí Ilé Tó Jẹ Nínú Rẹ̀

Ìwé ìtọ́sọ́nà fún àgbẹ̀ àti ará ilé ní agbègbè Àgbádárìgì

Bí ọjà Àgbálátà bá ku ọ̀la, ẹ wo ẹ̀yìn ilé káàkiri, láti Ajárá títí dé ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀. Àdá ti wà lọ́wọ́, wọ́n ti ń gé ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ lulẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, ó ti wà lẹ́yìn ọ̀kadà, ó di ọjà. Ní ọ̀sán, ìyá ilé á padà dé, á sì ti fi díẹ̀ nínú owó ọ̀gẹ̀dẹ̀ ra bísíkíìtì àti mínírà bọ̀ fún àwọn ọmọ. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí owó. A kì í fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ san owó ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n ohun tó jáde nínú ilé láàárọ̀ dára ju ohun tó wọlé ní ọ̀sán lọ.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀: ọwọ́ kan nínú ìdì kọ̀ọ̀kan. Ohun tí mo pè ní ọwọ́ ni ẹyọ mẹ́wàá sí ogún tó so mọ́ra lójú kan náà. Ìdì tó dára lè ní ọwọ́ mẹ́fà, méje, nígbà mìíràn ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ yọ ọwọ́ ìsàlẹ̀, èyí tí ẹyọ rẹ̀ kéré jù, tí oníbàárà máa ń nawọ́ sí tó bá fẹ́ já owó yín wálẹ̀. Adùn rẹ̀ àti èròjà inú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti òkè. Ẹ fi í sílé.

Ohun tó wà nínú ẹyọ kan

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ni mo ń sọ, èyí tí àwọn kan ń pè ní ọmìnì. N kò sọ̀rọ̀ àgbagbà tí a fi ń ṣe dòdò àti bọ̀ọ̀lì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹbí kan náà ni wọ́n.

Ẹ mú ẹyọ kan tí kò tóbi jù, tí kò kéré jù, ẹ bó o. Yóò wọn bíi gíráàmù 118. Agbára tó wà nínú rẹ̀ tó kálórì 105. Ṣúgà rẹ̀ jẹ́ bíi gíráàmù 14, fáíbà rẹ̀ (ìyẹn okùn inú oúnjẹ tí kì í dà, tó ń ti ìgbẹ́ jáde wọ́ọ́rọ́wọ́) jẹ́ gíráàmù 3. Fítámì C wà níbẹ̀ bíi mílígíráàmù 10. Fítámì B6 inú rẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tí àgbàlagbà nílò lójúmọ́. Òun ni ara fi ń lo prótéènì tí a jẹ, tó sì ń ran iṣan àti ọpọlọ lọ́wọ́.

Ẹ fi wé mínírà. Ìgò 50 cl lè ní ṣúgà tó ju ṣíbí tíì mẹ́wàá lọ, lẹ́yìn ṣúgà náà, omi ló kù. Ṣúgà inú ẹyọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan kò tó ṣíbí mẹ́rin, fáíbà tó sì wà pẹ̀lú rẹ̀ kì í jẹ́ kó sáré wọ inú ẹ̀jẹ̀.

Èyí tí gbogbo ayé mọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́ ni potásíọ̀mù. Ẹyọ kan ní bíi mílígíráàmù 420. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń jẹ́ kí ọkàn lù déédéé, kí iṣan má baà máa fà, ó sì ń ran kíndìnrín lọ́wọ́ láti ti iyọ̀ tó pọ̀ jù jáde pẹ̀lú ìtọ̀. Àwa tí a ń gbé etí ọ̀sà, tí ẹja gbígbẹ oníyọ̀ wà nínú ọbẹ̀ wa, tí a tún ń ju èròjà oníhóró méjì mẹ́ta sí i lórí, ẹ̀jẹ̀ ríru kò jìnnà sí wa. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó gíráàmù 5 lójúmọ́, ìyẹn ṣíbí tíì kan péré, kí potásíọ̀mù rẹ̀ sì tó mílígíráàmù 3,510 ó kéré tán.

Ẹ ṣírò rẹ̀, ẹ ó rí i pé ó ju ẹyọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́jọ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má jẹ mẹ́jọ! Ẹ̀wà ní potásíọ̀mù, iṣu sísè ní i, ẹ̀fọ́ ní i. Omi àgbọn, tí Àgbádárìgì fi ń yangàn, ní i dáadáa: ife kan nínú rẹ̀ sún mọ́ ẹyọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń dá sí i ni, kì í dá a gbé.

Ohun tí kò sí nínú rẹ̀

Ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí, nítorí àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ kiri lórí fóònù ti sọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ di gbogbonìṣe.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í fi ẹ̀jẹ̀ kún ara. Èròjà irin tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀ kéré púpọ̀ nínú rẹ̀. Aláboyún tí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, kí ó máa lo oògùn tí nọ́ọ̀sì fún un, kí ó jẹ ẹja, ẹ̀dọ̀, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́. Bí inú bá ń rú u láàárọ̀, ó lè jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ díẹ̀ kí nǹkan lè dúró nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fi rọ́pò oògùn ẹ̀jẹ̀.

Prótéènì rẹ̀ náà kò tó nǹkan, gíráàmù kan àti díẹ̀ ni. Ọ̀rá kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí níbẹ̀ rárá. Ibi tí ẹ̀pà ti wọ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà yíyan, bíi gíráàmù 30, ní prótéènì tó tó gíráàmù 7, ó sì ní ọ̀rá tó dára. Àwọn ìyá tó kọ́kọ́ gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀pà sínú àwo kan, tí wọ́n ń kiri rẹ̀ fún àwọn èrò ọkọ̀ Mile 2, mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì àti ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan yóò gbé ọmọ ilé-ìwé dé ọ̀sán ju páálí bísíkíìtì kan lọ.

Jẹ̀díjẹ̀dí àti aràn

Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí a bá ti jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì, wọ́n á ní ó tó, jẹ̀díjẹ̀dí ń bọ̀. Títí di òní, mo ṣì ń gbọ́ ọ nílé àwọn tí mo ń bẹ̀ wò. Ìgbẹ́ líle àti bí ènìyàn ṣe ń gìn lórí ṣalángá ló ń mú kí ìdí wú, àìtó fáíbà àti omi ló sì ń mú ìgbẹ́ le. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n, tó ní fáíbà, kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ yẹn tọ́ sí.

Ti aràn ńkọ́? Wọ́n ní ohun dídùn ló ń bí i. Ẹyin aràn ń gba ọwọ́ tó dọ̀tí àti iyẹ̀pẹ̀ wọ ẹnu ni. Ọmọ tó bá fi ọwọ́ tó fi ṣeré nílẹ̀ bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ lè kó aràn lóòótọ́, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ni kí ẹ bá wí. Ẹ fọ ọwọ́ ọmọ, ẹ ṣan èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà kí ẹ tó bó o.

Dúdú, pípọ́n, àti èyí tó ti ní àmì

A máa ń pa á lówe pé, “Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń bàjẹ́, ẹ ní ó ń pọ́n.” Òwe náà dára fún ọmọ tó ń yàyàkuyà, ṣùgbọ́n ó ti mú ká da ọ̀gẹ̀dẹ̀ rere nù púpọ̀. Èyí tí èèpo rẹ̀ ti ní àmì dúdú tó-tò-tó, tí inú rẹ̀ ṣì funfun tó ń ta sánsán, kò bàjẹ́. Ó pọ́n dáadáa ni, ó rọrùn fún ọmọdé àti fún àgbà tí eyín rẹ̀ ti dín kù. Èyí tó bá ń rùn bí ọtí, tó ń jo omi, tàbí tó hu, ìyẹn ti lọ. Èyí tó rọ̀ jù fún jíjẹ lásán, ẹ fi iyẹ̀fun díẹ̀ pò ó, ẹ dín in ní mósà.

Àwọn àgbà tún ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú kò yá bù sán. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó yá sè. Púpọ̀ nínú ìyẹ̀fun inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú kì í dà nínú ìfun kékeré. Ìsàlẹ̀ ló ń lọ bọ́ àwọn kòkòrò rere tó ń tún ìfun ṣe. Bó ṣe ń pọ́n ni ìyẹ̀fun yẹn ń di ṣúgà. Àwọn dókítà ní Bangladesh ti fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú sísè tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ìrẹsì bọ́ àwọn ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru wọn kò tètè dá, ó sì tètè dá ju ti àwọn tó jẹ ìrẹsì nìkan lọ.

Oúnjẹ ni èyí o, kì í ṣe omi tí ọmọ pàdánù. Bí ọmọ bá ń ya ìgbẹ́ gbuuru, omi oníyọ̀ àti ṣúgà ló ṣáájú. Bí ẹ kò bá rí ti páálí gbà nílé ìwòsàn, ẹ wọn ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà, tó kún déédéé láìgún, àti iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí sínú lítà kan omi tó mọ́. Bí ojú ọmọ bá jìn, tí kò sì lè mu nǹkan mọ́, ẹ gbé e lọ kíákíá.

Ta ni kó jẹ ẹ, báwo ni kó ṣe jẹ ẹ

Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ọmú nìkan. Bó bá ti pé e, ẹ tẹ ààbọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n rọ̀ títí kò fi ní kókó, ẹ pò ó mọ́ ẹ̀kọ gbígbóná tó ki, ẹ fi ẹ̀pà lílọ̀ ṣíbí kan sí i. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá fi ẹ̀pà sí i, kí ó kéré, kí ẹ sì máa wo ara ọmọ. Ẹ má gbé odidi ẹyọ fún ọmọ tí eyín rẹ̀ kò tíì pé. Ó lè há a lọ́fun.

Alátọ̀gbẹ lè jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹyọ kékeré kan ni, èyí tí kò tíì pọ́n jù, pẹ̀lú ẹ̀pà, kó má sì jẹ́ lórí ikùn tó ti kún fún ẹ̀bà. Ẹni tó bá sọ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú ń wo àtọ̀gbẹ sàn ń tan yín ni.

Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Potásíọ̀mù tí kíndìnrín kò lè tì jáde lè da lílù ọkàn rú. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan náà máa ń dá potásíọ̀mù dúró sínú ara. Ẹ mú páálí oògùn yín lọ fi han dókítà, kí ẹ bi í ní iye ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ẹ lè jẹ.

Ẹ má fi kábáìdì kàn án

Kábáìdì tí àwọn wẹ́dà fi ń jó irin ni àwọn kan ń dì sínú bébà, tí wọ́n ń ki bọ àárín ọ̀gẹ̀dẹ̀ kó lè pọ́n mọ́jú. Ó lè ní ásínììkì, tó jẹ́ májèlé, nínú. NAFDAC ti kìlọ̀ rẹ̀ títí. Bí ẹ bá rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pupa rẹ́súrẹ́sú bákan náà láti òkè délẹ̀, tí ìdí rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀, tí inú rẹ̀ le tí kò dùn, ẹ fura.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ohun tó ń mú ara rẹ̀ pọ́n. Èyí tó bá ti pọ́n ń tú afẹ́fẹ́ kan tó ń jí àwọn tó kù. Ẹ gbé e sínú apẹ̀rẹ̀, ẹ fi méjì tó ti pọ́n sáàárín, ẹ fi àpò bò ó, kó wà níbòójì. Ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin, ó ti tó. Oníbàárà tó bá ń sáré, kó lọ ra ti ẹlòmíràn.

Fún ẹni tó fẹ́ gbin tirẹ̀

Ìdí mẹ́ta mẹ́rin lẹ́yìn balùwẹ̀, níbi tí omi ìwẹ̀ ń gbà, tó fún ilé kan. Bí ẹ bá fẹ́ gbin púpọ̀ sáàárín àgbọn, ẹ wá ibi tí òjìji kò bò, kí ìdí kan sì fi mítà mẹ́ta jìnnà sí èkejì. Ilẹ̀ wa jẹ́ oníyanrìn, oúnjẹ inú rẹ̀ ń tètè ṣàn lọ, nítorí náà ẹ kó ìgbẹ́ ewúrẹ́ tàbí ti adìyẹ sí i, ẹ da eérú ààrò sí i, ẹ fi èèpo àgbọn tẹ́ ìdí rẹ̀ kó lè di omi mú. Ibi tí omi ń dúró sí lásìkò òjò kò dára. Láàárín oṣù mẹ́sàn-án sí méjìlá, ẹ ó gé ìdì àkọ́kọ́.

Ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ewé rẹ̀ tín-ín-rín bí idà ni kí ẹ mú, ẹ fi èyí tí ewé rẹ̀ ti fẹ̀ láti kékeré sílẹ̀. Ẹ gé gbogbo gbòǹgbò rẹ̀, ẹ fi ọ̀bẹ ha ìdí rẹ̀ títí yóò fi funfun, ẹ rì í bọ omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, ẹ yọ ọ́. Ìyẹn ń pa kòkòrò tó ń lu ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ibi tó ká mi lára jù rèé, nítorí a sún mọ́ ààlà. Àrùn kan wà tó ń jẹ́ kí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kúrú, kó dúró ṣánṣán, kó sì há mọ́ra lórí bí ìgbálẹ̀, etí ewé á sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ó ti wà ní Benin, ní 2012 wọ́n sì rí i ní Ìpínlẹ̀ Ògùn lẹ́bàá ààlà. Kò ní oògùn, kì í sì í jẹ́ kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ so. Ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a gbà lọ́wọ́ ará àti ọ̀rẹ́ ló ń gbé e kiri, pẹ̀lú kòkòrò dúdú kéékèèké tó ń fa omi ara ewé. Ẹ má gba ọmọ láti oko tí ẹ kò fi ojú ara yín rí. Bí ẹ bá rí i nínú tiyín, ẹ wọ́n omi ọṣẹ sí i dáadáa kí kòkòrò náà má baà sá lọ sára èyí tó kù, ẹ hú u tìdí-tìdí pẹ̀lú gbogbo ọmọ rẹ̀, ẹ gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Kí òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ wá wo ibẹ̀ kí ẹ tó gbé ọmọ mìíràn sínú kòtò yẹn.