Àmì ìyọkúrò tó gba ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ́wọ́ mi

Ọ̀gá mi ní kí n fi kọ̀ǹpútà ṣe soliton. Ìmọ́lẹ̀ tó kọ yẹ̀rì lẹ́ẹ̀kan nínú okùn gíláàsì ni, tó rìn jìnnà láìfẹ̀, láìsúnkì. Oríṣiríṣi àwọ̀ inú ìmọ́lẹ̀ kì í sáré bákan náà nínú gíláàsì, ìyẹn ló ń mú un fẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá lágbára tó, á yí ìwà gíláàsì padà, á sì máa kó ara rẹ̀ jọ. Hasegawa àti Tappert ló fi ìṣirò sọ ọ́ lọ́dún 1973. Ó di 1980 kí Mollenauer, Stolen àti Gordon tó rí i.

Láptọ́ọ̀pù àgbàlagbà kan ni mo fi ṣe é nínú yàrá mi l'Ágbowó. Èdè kọ̀ǹpútà Python ni mo lò, mo pín àkókò sí ojú 1024. Mo gé okùn náà sí wẹ́wẹ́: ní ègé kọ̀ọ̀kan, FFT, ìṣirò tó ń tú ìmọ́lẹ̀ sí àwọ̀ rẹ̀, á ṣe ti àwọ̀, lẹ́yìn náà ni n óò ṣe ti agbára. Kóòdù náà ò tó ogójì ìlà.

Mo fi sech(t), ìrísí soliton gan-an tó dà bí òkè, bẹ̀rẹ̀. Kàkà kó dúró, ńṣe ló ń wú bíi gàrí tí wọ́n da omi sí. Mo wo àpapọ̀ agbára: 2 géérégé, bó ṣe yẹ, látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo ní kóòdù mi ò lẹ́bi nìyẹn, bóyá ègé ló tóbi jù. Mo ń dín in kù títí ó fi ń gba wákàtí mẹ́ta. Iná á lọ, bátìrì á kú, n óò tún bẹ̀rẹ̀. Ìyá tó ń gbé yàrá kejì ní, "Purọ́fẹ́sọ̀, ìmọ́lẹ̀ tẹ́ ẹ ń wá yìí, ẹ bá wa mú díẹ̀ wá síta."

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, mo fi bírò ṣe é lórí bébà. Níbi tí FFT ti ń ṣe ti àwọ̀, exp(+iω²dz/2) ni mo kọ. Exp(−iω²dz/2) ló yẹ. Okùn mìíràn pátápátá, tó jẹ́ pé fífẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń fẹ̀ nínú rẹ̀, ni mo ti ń ṣe! Àpapọ̀ agbára ò sì lè tú mi fó: àmì yòówù kí n kọ, 2 náà ni yóò jẹ́.

Mo tún àmì náà ṣe, mo wá fi 2sech(t), ìlọ́po méjì gíga ti àkọ́kọ́, dán an wò, nítorí ìdáhùn tirẹ̀ wà nílẹ̀: ṣóńṣó agbára rẹ̀ á gbéra láti 4, á fò dé 16 tó bá rìn dé π/4, á padà sí 4 ní π/2. Mo jókòó tì í. 15.99. Nígbà tó yá, 4.00.

Aago mọ́kànlá alẹ́ ni. Ọ̀gá mi ò gbé fóònù. Ìyá yàrá kejì ni mo lọ fi àwòrán hàn. Wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Ẹ̀ẹ́! Ṣé Òkè Màpó nìyí?"