Bí A Ṣe Ń Gbé AC Sípílíìtì Kọ́ Kó Lè Tutù, Kó Sì Pẹ́

Ọ̀pọ̀ AC sípílíìtì (ẹ̀rọ amúlétutù alápá méjì, ẹ̀rọ inú wà nínú yàrá, ẹ̀rọ ìta wà lóde) tí kì í tutù mọ́ lẹ́yìn ọdún kan, ọjọ́ tí wọ́n gbé e kọ́ gan-an ni wọ́n ti bà á jẹ́. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti rọ gáàsì sínú ẹ̀rọ ìta, wọ́n sì ti dán an wò kí wọ́n tó dì í sínú páálí. Ohun tó kù ni páìpù, wáyà, ojú ìsopọ̀ mẹ́rin àti ọ̀nà tí omi máa gbà jáde. Gbogbo èyí, ọwọ́ oníṣẹ́ ló ń ṣe é nínú ilé yín. Apá tó jẹ mọ́ gáàsì àti iná, ẹ gbé e fún ẹni tó kọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ dúró tì í, kí ẹ sì mọ ohun tó yẹ kó ṣe.

Kí ẹ tó rà á

AC 1 hp, ìyẹn BTU 9,000 (BTU ni òṣùwọ̀n agbára ìtutù), tó fún yàrá tí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12. Bí yàrá bá tó 12 sí 15, 1.5 hp ni kí ẹ rà, ìyẹn BTU 12,000. Pálọ̀ tó fẹ̀ díẹ̀ fẹ́ 2 hp. Bí òòrùn ìrọ̀lẹ́ bá ń pa ògiri yàrá náà, tàbí tó jẹ́ pé páànù ló wà lókè àjà tààrà, ẹ sún sókè ní ìpele kan. Ẹ má sì rò pé bó bá ti tóbi tó ló dára tó: èyí tó tóbi jù máa ń dáwọ́ iṣẹ́ dúró kó tó fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ kúrò, yàrá á tutù, ara á sì máa lẹ̀.

Ibi tí ẹ̀rọ méjèèjì máa wà

Ẹ fi ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 15 sílẹ̀ láàárín orí ẹ̀rọ inú àti àjà, torí pé orí rẹ̀ ló ti ń fa afẹ́fẹ́ yàrá wọlé. Ẹ fi bíi 12 sílẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì. Kí atẹ́gùn rẹ̀ má fẹ́ lu orí ẹni tó sùn, ẹ má sì gbé e sókè tẹlifíṣọ̀n tàbí sókè sọ́kẹ́ẹ̀tì, nítorí omi.

Irin pẹlẹbẹ tí a máa fi kọ́ ọ, ẹ fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì wọ̀n ọ́n kí ẹ tó dè é. Bí ẹ̀rọ bá dà sí apá tí kò sí ihò omi, àwo inú rẹ̀ á kún, omi á sì máa ṣàn lára ògiri. Ihò tí páìpù máa gbà kọjá tó bíi sẹ̀ǹtímítà 6.5 ní fífẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ ti ìta sì rẹlẹ̀ ju ti inú lọ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan, kí òjò má bàa wọlé.

Ẹ̀rọ ìta ló ń da ooru yàrá nù, nítorí náà ó nílò àyè láti mí: sẹ̀ǹtímítà 30 lẹ́yìn, ó kéré tán mítà kan àbọ̀ níwájú. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù olè, tó fẹ́ fi irin yí i ká, kó lo ọ̀pá irin tí afẹ́fẹ́ lè gbà kọjá, kì í ṣe páànù irin. Ẹ má gbé e síbi tí èéfín jẹnẹrétọ̀ máa fẹ́ sí i.

Ohun kan wà tí wọ́n sábà máa ń fojú fò nílẹ̀ yìí: bulọ́ọ̀kù tá a fi ń kọ́lé ní ihò nínú. Bóòtù tí wọ́n kàn gbá sínú rẹ̀ lè fà tu bí ẹ̀rọ bá ń gbọ̀n lójoojúmọ́. Ẹ wá ibi tí kọnkéré líle wà lára ògiri kí ẹ so búrákẹ́ẹ̀tì (irin tó ń gbé ẹ̀rọ ìta dúró) mọ́ ọn, tàbí kí ẹ lu ògiri já, kí ẹ fi bóòtù gígùn àti irin pẹlẹbẹ dì í láti inú. Bí ẹ̀rọ bá lè jókòó sórí kọnkéré nílẹ̀, ó tún dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi rọ́bà sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Páìpù

Páìpù bàbà méjì ló wà, tín-ín-rín àti nínípọn. Fún 1 hp, 1/4 ínńṣì àti 3/8 ló wọ́pọ̀, fún 1.5 hp àti 2 hp, 1/4 àti 1/2 ni ọ̀pọ̀ ń lò. Ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Kí gígùn rẹ̀ má dín ní mítà 3, kí fóòmù dúdú sì wọ ìkọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá dì wọ́n pọ̀ láìsí fóòmù láàárín, ọ̀kan á máa gbóná ìkejì, omi á sì máa kán nínú ògiri. Kí ẹ tó ti páìpù gba inú ihò kọjá, ẹ fi téèpù dí ẹnu rẹ̀. Iyanrìn tàbí sìmẹ́ńtì díẹ̀ tó bá wọ inú rẹ̀ ti tó láti dí ojú ọ̀nà gáàsì.

Ẹnu páìpù ni iṣẹ́ wà. Ẹ fi ọ̀bẹ páìpù gé e, ẹ má fi ayùn irin gé e. Ẹ dojú rẹ̀ kọlẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń ha etí inú rẹ̀, kí ẹ̀rún bàbà lè já sílẹ̀ dípò kó wọ inú. Ẹ ti nọ́ọ̀tì wọ̀ ọ́ ná, torí tí ẹnu bá ti fẹ̀ tán, nọ́ọ̀tì kò ní wọlé mọ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá fẹ ẹnu rẹ̀ tán, ẹ gbé e sábẹ́ iná kí ẹ wò ó: kó rí róbótó, kó dán, kí etí rẹ̀ dọ́gba yípo. Bí ìlà tín-ín-rín kan bá là á, tàbí tí apá kan fẹ̀ ju ìkejì, ẹ gé e dànù kí ẹ tún un ṣe. Ibẹ̀ gan-an ni gáàsì máa ń jo láìmọ̀ fún oṣù mẹ́fà.

Ẹ kán òróró kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ (ẹ̀rọ tó ń fún gáàsì pọ̀ nínú ẹ̀rọ ìta) díẹ̀ sí i, ẹ fọwọ́ yí nọ́ọ̀tì títí kó fi le, kí ẹ tó fi sípánà méjì parí rẹ̀: ọ̀kan dì í mú, èkejì ń yí. Nọ́ọ̀tì 1/4 fẹ́ bíi 15 sí 18 Nm (òṣùwọ̀n agbára tí a fi ń yí nọ́ọ̀tì), 3/8 fẹ́ 35 sí 40, 1/2 fẹ́ 50 sí 55. Fífi agbára yí i jù burú bíi kó má le, torí ó máa ń fọ́ ẹnu páìpù.

Fífa afẹ́fẹ́ jáde

Ẹ jọ̀ọ́, ibí yìí ni kí ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fi jáfara. Àwọn oníṣẹ́ kan máa ń ṣí fáàfù ẹ̀rọ ìta díẹ̀, kí gáàsì lè ti afẹ́fẹ́ jáde lójú nọ́ọ̀tì, wọ́n á ní ó ti tó. Kò tó. Ọ̀rinrin ṣì wà lára inú páìpù. Òróró tí wọ́n ń lò pẹ̀lú gáàsì R410A àti R32 máa ń fa ọ̀rinrin mọ́ra, wọ́n á jọ di ásíìdì tó máa jẹ wáyà inú kọ̀ńpúrẹ́sọ̀. Afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́ kù náà kò lè di omi bíi gáàsì, á kàn máa fún kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ lọ́rùn, owó iná á sì máa gun òkè. Lórí R32, ewu iná tún wà, torí ó lè gbiná.

Bó ṣe yẹ kó rí nìyí. Bí oníṣẹ́ bá ní naitirójìn, kó kọ́kọ́ fi dán páìpù wò ní nǹkan bíi 300 sí 400 psi (òṣùwọ̀n bí gáàsì ṣe ń tì tó), kó sì fi ọṣẹ pa gbogbo ojú ìsopọ̀. Kò gbọdọ̀ lo ọ́síjìn láéláé: ọ́síjìn àti òróró lè bú gbàmù. Lẹ́yìn ìyẹn, kó so géèjì (ohun tó ń fi hàn bí gáàsì ṣe ń tì tó) àti pọ́ǹpù tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde mọ́ ẹnu fáàfù páìpù nínípọn, kó jẹ́ kí pọ́ǹpù ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Abẹ́rẹ́ géèjì á bọ́ sísàlẹ̀ òdo dé −30. Ẹni tó ní géèjì micron, èyí tó ń wọn ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́ kù, á wá 500. Kó pa fáàfù géèjì kó tó pa pọ́ǹpù, kí ẹ sì jọ dúró fún ìṣẹ́jú 15. Bí abẹ́rẹ́ bá gòkè padà, ó ń jo, tàbí omi ṣì wà nínú rẹ̀. Bó bá dúró, kó fi Allen key (kọ́kọ́rọ́ onígun mẹ́fà) ṣí fáàfù tín-ín-rín tán pátápátá, lẹ́yìn náà nínípọn.

Gáàsì tó ti wà nínú ẹ̀rọ sábà máa ń tó páìpù mítà 5. Bó bá gùn jù bẹ́ẹ̀, ara ẹ̀rọ ni wọ́n kọ iye tí ẹ máa fi kún un sí. Lórí páìpù 1/4, bíi giráàmù 20 fún mítà kọ̀ọ̀kan ló wọ́pọ̀. Òṣùwọ̀n la fi ń wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ojú. R410A jẹ́ àdàlù gáàsì méjì, nítorí náà ẹ dojú sìlíńdà rẹ̀ délẹ̀ kó lè jáde bí omi.

Iná àti omi

Wáyà tirẹ̀ nìkan ni kó ní láti ibi bọ́ọ̀dù iná, pẹ̀lú bréékà 20 A àti éètì (wáyà tó wọ ilẹ̀) tòótọ́. Kí wáyà náà jẹ́ 2.5 mm² fún 1 hp àti 1.5 hp, 4 mm² fún 2 hp. Wáyà tó lọ láti inú sí ìta kò gbọdọ̀ ní ojú ìsopọ̀ láàárín, kí nọ́ńbà orí ẹ̀rọ inú sì bá ti ìta mu. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, ẹ fi stabilizer tó ń dúró díẹ̀ kó tó gbé iná wọlé sí i. Kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ fẹ́ bíi ìṣẹ́jú 3 ìsinmi kó tó tún bẹ̀rẹ̀.

Rọ́bà omi gbọ́dọ̀ máa rẹlẹ̀ lọ láìdáwọ́ dúró, sẹ̀ǹtímítà kan lórí mítà kọ̀ọ̀kan. Ní àsìkò òjò, omi tó ń kán lára AC 1 hp lè tó lítà kan ní wákàtí kan. Ẹ má ri ẹnu rọ́bà bọ inú omi bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ da lítà omi kan sínú àwo ẹ̀rọ inú, kí ẹ sì lọ wò ó níta bó ṣe ń jáde, kí ẹ tó fi ohun èlò dí ihò ògiri kí eku àti ọmọ́nlé má bàa wọlé.

Ìdánwò

Ẹ tàn án sí 18°C fún ogún ìṣẹ́jú kí ẹ tó san owó tó kù. Ẹ fi tẹmómítà wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọlé lórí rẹ̀ àti èyí tó ń fẹ́ jáde: kí ìyàtọ̀ wọn tó 8 sí 12°C. Páìpù nínípọn á tutù, ọ̀rinrin á sì máa yọ lára fáàfù rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé páìpù tín-ín-rín ló ń dì bíi yìnyín, gáàsì kò tó. Ẹ má gbà kó kàn fi kún un kó sì máa lọ. Kó wá ibi tó ń jo ná, kó dí i, kó tún fa afẹ́fẹ́ jáde, kó tó rọ gáàsì tuntun.