Ọkọ̀ ìpẹja méjì tó jọra: ẹ fi kẹ́ẹ̀gì omi dán wọn wò

Ẹ̀yin ará, tẹ́ ẹ bá rí ọkọ̀ ìpẹja méjì tó jọra, ẹ má fi ọ̀dà tàbí gígùn yàn fún ìdílé yín. Kẹ́ẹ̀gì omi ni kẹ́ ẹ fi dán wọn wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Lítà omi kan, kílò kan ni, nítorí náà kẹ́ẹ̀gì 25 lítà mẹ́ta tó àgbàlagbà kan, ọ̀kan tó ọmọdé. Bàbá, ìyá àti ọmọ méjì, kẹ́ẹ̀gì 8 nìyẹn. Tó bá jẹ́ omi dáàmù Ìkún-Èkìtì lẹ fẹ́ máa lò ó, ibẹ̀ náà lẹ ó ti pọn ọ́n, níbi tí omi ò ti jìn. Ẹ kó wọn sórí pákó ìjókòó, kẹ́ ẹ wá sún méjì sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ìgbà tí ọmọ bá sáré lọ wo ẹja nínú àwọ̀n (wọn á kúkú sáré lọ). Ọkọ̀ tó bá tẹ̀ díẹ̀ tó sì dúró, òun ni kẹ́ ẹ mú. Èyí tó bá ń tẹ̀ lọ títí omi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé etí rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Ọkọ̀ méjì lè fẹ̀ bákan náà lẹ́nu, kí ìdí ọ̀kan sì rí ṣóńṣó. Fífẹ̀ ibi tó jókòó sínú omi ni kì í jẹ́ kó dojú dé. Àmọ́ ìdánwò yìí ò ní fi pákó tó ti jẹrà hàn yín. Ṣóńṣó ọ̀bẹ ni kẹ́ ẹ fi gún ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò, pàápàá níbi tí pákó ti pàdé.